Ẹ̀dọ̀ Gbígbẹ Tí Mò Ń Fi Sínú Irú Ọmọ Mi

Mò ń fi ẹran sínú oúnjẹ ọmọ mi. Ọmọ náà kì í jẹ ẹran, kò sì mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ kí ọkàn mi tó tún yí padà, nítorí mo ti kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ tí mo sì pa á rẹ́. Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi orúkọ mi hàn. Mo ti yí orúkọ ọmọ náà padà, mo sì ti yí orúkọ ajá tí ẹ máa kà nípa rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n gbogbo ìyókù rí bí mo ṣe kọ ọ́ gan-an. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn lójú ewé yìí, ẹ bá mi kà á dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó bú mi... Ọjọ́bọ̀ lónìí, ó di dandan kí n ti mọ ohun tí màá ṣe kí Sátidé tó dé, kò sì sí ẹnì kan nínú ilé mi tí mo lè sọ ọ́ fún.

Télọ̀ ni mí ní Ìkọ̀lé-Èkìtì. Girama ni mo kà mọ. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí, èyí tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ni àbígbẹ̀yìn, obìnrin ni, ẹ jẹ́ kí n pè é ní Ìbùkún. Ó ti jáde girama, ó ń retí yunifásítì, ṣùgbọ́n eré sísá ni ó gbájú mọ́ báyìí. Kì í ṣe eré kúkúrú tí wọ́n máa ń sá bí ẹni tí oyin ń lé, eré ọ̀nà jíjìn ni. Láàárọ̀, á jáde nílé, á gba ọ̀nà Ìjẹ̀ṣà-Iṣu, á gun òkè, á sọ̀ kalẹ̀, á yí padà, á tún gun òkè náà bọ̀, èmi á sì wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi títí màá fi rí orí rẹ̀ tó yọ. Tí kò bá tíì yọ nígbà tó yẹ kó yọ, n kò lè fi òwú sínú abẹ́rẹ́. Bí mo ṣe rí nìyẹn, ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé kí n má dààmú. Bàbá rẹ̀ máa ń sọ pé èmi gan-an ni mò ń sá eré náà, pé ọmọ kàn ń bá mi gbé ẹsẹ̀ lásán ni.

Kí n tó sọ̀rọ̀ ẹran, ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa ajá. Ògún ni ìdílé ọkọ mi ń bọ. Ọkọ mi ń bá mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, ṣùgbọ́n tí ọdún Ògún bá dé, a máa ń lọ sí ilé bàbá rẹ̀ ní Ìrèlé, a ó kí àwọn àgbà, a ó jẹun, a ó padà sílé. N kò ní ohun búburú kan láti sọ nípa wọn, tọwọ́tẹsẹ̀ ni wọ́n fi gbà mí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni olórí ilé náà báyìí, òun ló sì gbé ọmọ ajá kan wá fún wa nígbà tí Ìbùkún ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ girama. Jẹ́nsinmi la sọ ọ́. Àṣà ilé wọn ni pé ajá tí wọ́n bá ti yà sọ́tọ̀ fún Ògún, wọ́n lè gbé e fún ọmọ ilé kan kó bá wọn tọ́ ọ títí yóò fi tóbi, kí wọ́n tó wá gbà á padà. Ọkọ mi mọ̀. Kò sọ ọ́, nítorí lójú tirẹ̀ kò sí ohun tí a fẹ́ sọ níbẹ̀, bí òun náà ṣe tọ́ ajá nígbà tó wà lọ́mọdé nìyẹn. Èmi kò mọ̀. Mo rò pé wọ́n ta wá lọ́rẹ ni.

Ajá yẹn ló sọ ọmọ mi di eléré. Tí mo bá rán an níṣẹ́, àwọn méjèèjì á jọ sáré lọ, wọ́n á jọ sáré bọ̀, omi tí mo bá ní kó bá mi pọn á ti dé kí n tó rántí pé mo rán an. Ó di pé wọ́n jọ ń sáré dé àtiwọ Ìjẹ̀ṣà-Iṣu. Tíṣà eré ìdárayá kan ló rí i lójú ọ̀nà lọ́jọ́ kan tó béèrè pé ọmọ ta ni, pé ó ti rẹ ajá, kò tíì rẹ ọmọ.

Ọdún Ògún kan wá dé, wọ́n wá mú Jẹ́nsinmi lọ nígbà tí ọmọ wà nílé ẹ̀kọ́, tí èmi náà lọ bá oníbàárà kan wọn aṣọ nílé rẹ̀. Ọkọ mi ní ó wà ní Ìrèlé, pé a máa bá a níbẹ̀. A lọ. Wọ́n gún iyán, wọ́n bu ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tó kún fún ẹran, ebi ń pa ọmọ mi, ó jẹ ẹ́ dáadáa, ó tún fi ọwọ́ nu abọ́. Ó fọwọ́, ó wá ń yí ilé ká, ó ń súfèé pe ajá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Jẹ́nsinmi kẹ̀? Ó ti wà n'únú rẹ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti kún tìrẹ, kò sẹ́ni tó máa lè sáré bá ọ mọ́." Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà ti fẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín tán kí ó tó yé mi. Lójú tirẹ̀, àdúrà ló gbà fún ọmọ náà, mo mọ̀, kò ní i lọ́kàn láti pa á lára. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ò rí ojú ọmọ mi. Ó bì títí tí ohun tó ń jáde fi di omi lásán. Láti ọjọ́ náà, kò jẹ ẹran mọ́, kò jẹ ẹja, kò jẹ edé, pọ̀nmọ́ pàápàá, kò fọwọ́ kàn án. Ẹyin nìkan ló ń jẹ, ó ní ẹyin kò tíì mọ ojú ẹnikẹ́ni. Ó sì ń mu mílíìkì.

Nígbà tí a délé, kò jẹun. Ọjọ́ kejì, kò jẹun. Ó ń wo abọ́ bí ẹni pé nǹkan máa fò jáde níbẹ̀. Mo bá mú un wọ yàrá, mo gbé ọwọ́ mi lé e lórí, mo sì búra fún un pé láti ọwọ́ èmi ìyá rẹ̀, ohun tí kò mọ̀ kò ní wọ ẹnu rẹ̀ láé. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ gan-an nìyẹn. Ìgbà yẹn ló tó jẹun. Láti ìgbà náà, oúnjẹ ọwọ́ mi nìkan ló ń jẹ. A lọ síbi òkú, ó gbé kúlà kékeré rẹ̀ dání. A lọ síbi ìgbéyàwó, kúlà. Tí wọ́n bá fún un ní ìrẹsì funfun lásán, á ní kí wọ́n má bínú, pé òun kò mọ ṣíbí tí wọ́n fi bù ú. Ìyá ọkọ mi, tó ti dàgbà gan-an tí ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi, á máa pe àwọn èèyàn pé kí wọ́n wá wo ọmọ ulé òun, tó ń sáré bí ẹtu tí kì í jẹ ẹtu. Ìbùkún dá a lóhùn lọ́jọ́ kan, ó ní, "Màmá, ẹtu náà kì í jẹ ẹtu." Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á, kò sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́ láti ìgbà náà.

Nítorí náà, ẹ má sọ fún mi pé àṣejù ọmọdé ni, pé kí n fi ipá mú un. Kì í ṣe àṣejù. Ó ní ìdí.

Ohun tó kó mi sínú wàhálà ni pé n kò mọ bí wọ́n ṣe ń bọ́ ẹni tí kì í jẹ ẹran tó sì ń sáré tó bẹ́ẹ̀. Mo rò pé tó bá ti yó, ó ti tán. Iyán, ó fẹ́ràn iyán, èmi náà fẹ́ràn kó máa jẹ iyán. Ẹ̀fọ́, díẹ̀. Ẹ̀wà, tí mo bá ráyè. Tíì ni ó máa ń mu tẹ̀ lé e, tíì dúdú tó le. Bí ó ṣe ń dàgbà, tí kóòṣì rẹ̀ ń fi eré kún eré, abọ́ oúnjẹ rẹ̀ kò kúrò ní bó ṣe wà. Tépù ló kọ́kọ́ sọ fún mi. Èmi ni mo máa ń rán ṣòkòtò tó fi ń sáré, mo sì ń wọn ìdí àti itan rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ rán òmíràn. Lọ́jọ́ náà, tépù wọlé sí i. Mo rò pé tépù ló ti gbó tó ti fà, mo fi rúlà onígi wọ̀n ọ́n, tépù kò ní nǹkan kan, ọmọ mi ló ń tán. Mo wá ronú... paadi tí mo máa ń rà fún un wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù bó ṣe wà. Mo bi í, ó ní nǹkan oṣù òun ti dá dúró tipẹ́, pé inú òun dùn sí i nítorí kò jẹ́ kí òun sinmi eré mọ́. Inú rẹ̀ dùn sí i. Èmi ò lè jókòó.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi lọ sá eré ní Ìdó. Mo wà níbẹ̀. Ó wà níwájú títí ó fi ku ìyípo ìkẹyìn, ó wá rọra ń jáde sí ẹ̀gbẹ́, ó jókòó sórí koríko bí ẹni tí wọ́n ní kó jókòó, ó sì dùbúlẹ̀. Mo fa awọ ìsàlẹ̀ ojú rẹ̀, inú rẹ̀ funfun bí inú àgbọn. Ẹ̀yin ìyá, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ ẹ́ wò ní Ìkọ̀lé gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó rárá. Ó sọ̀rọ̀ fún wa dáadáa, kò sì fi ọmọ mi ṣe ẹlẹ́yà. Ó ní kì í ṣe pé ẹni tí kì í jẹ ẹran kò lè sáré, pé ó lè sá a títí láé, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ máa jẹun bí ẹni tó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù. Ó wò mí nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní oúnjẹ rẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i gan-an, ẹ̀wà lójoojúmọ́ tàbí sóyà, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tó pọ̀, ẹ̀gúsí, ẹ̀pà, ẹyin, mílíìkì kó má wọ́n, nítorí nǹkan kan wà tí ara ń lò tí kò sí nínú ewé rárá. Kó máa jẹ ọsàn mọ́ oúnjẹ, ọsàn ló ń jẹ́ kí ara lè mú ohun tó ń di ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà. Kó fi tíì sílẹ̀ nídìí oúnjẹ, torí tíì ló ń dí i lọ́wọ́. Kó jẹun kété tó bá ti eré dé, kó má dúró di ọ̀sán. Ó fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀, ó sì ní kó dín eré kù fúngbà díẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni mo ṣe, ẹ gbọ́ o, gbogbo rẹ̀. Mo ń ṣe mọ́ínmọ́ín, mo ń ṣe ẹ̀kuru, mo ń lọ sóyà fún mílíìkì, mo ń bó ọsàn sínú kúlà. Tíì kúrò nílé mi.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. Ojú funfun yẹn kò kúrò lójú mi. Ọkọ mi ní kí n fún ọmọ lẹ́ran, pé kò ní kú. Ohun tó sọ kò wọ̀ mí létí nígbà tó sọ ọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dá wà, ó wọlé. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà tí a dé láti ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, mo wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀yẹ́, ibi tí alápatà kò ti mọ̀ mí, mo ra ẹ̀dọ̀ màlúù. Mo bọ̀ ọ́ nígbà tí ọmọ kò sí nílé, mo gé e pẹlẹbẹ, mo yan án lórí iná títí ó fi gbẹ tó ń dún bí páálí, mo gún un kúná, mo fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ irú gígún, bí èmi ṣe máa ń ṣe tèmi ni pé màá sá irú sóòrùn kó gbẹ, màá fi ata gbígbẹ àti ata ilẹ̀ gún un, màá kó o sínú ike. Ìbùkún kì í jẹ ọbẹ̀ tí kò bá sí irú yìí níbẹ̀. Irú, ẹ mọ òórùn rẹ̀, kò sí ohun tí kò lè bò mọ́lẹ̀. Mo da ẹ̀dọ̀ náà sí i. Nígbà àkọ́kọ́ tó jẹ ẹ́, ó gbójú sókè, ó ní, "Màámi, irú tọ̀tẹ̀ yìí dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ." Mo ní bóyá ata ilẹ̀ ni. Mo dìde, mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo di igi ọsàn mú.

Mo rò pé ẹ̀ẹ̀kan ni. Mo rò pé tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ti gòkè díẹ̀, màá fi sílẹ̀... Nígbà tí wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ti gòkè. Nǹkan oṣù rẹ̀ padà. Tépù sọ fún mi pé itan rẹ̀ ti ń kún. Ó lọ sáré ní Ọ̀yẹ́, ó fi àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn débi pé àwọn èèyàn rò pé ó ku ìyípo kan fún un. Báwo ni mo ṣe fẹ́ dáwọ́ dúró lẹ́yìn èyí? Ẹ̀dọ̀ náà wà nínú àpótí bọ́tìnnì lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi, tó bá ti ń tán, màá tún lọ sí Ọ̀yẹ́. Ọkọ mi kò mọ̀. Àlùfáà wa kò mọ̀. Ó ti lé lọ́dún kan báyìí.

Ẹ wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí jù. N kò mọ ohun tó wo ọmọ mi sàn. Tí èèyàn bá yí ọrùn aṣọ padà, tó tún yí apá rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kan náà, tí aṣọ wá bá ara mu, kò ní mọ èyí tó tún un ṣe. Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ kan náà ni ẹ̀wà, ọsàn, oògùn àti ẹ̀dọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ṣé ẹ̀dọ̀ ni? Ṣé ọsàn ni? Ṣé pé ó ń jẹun yó ni? Mo dá lọ bá nọ́ọ̀sì náà, mo dọ́gbọ́n bi í, mo ní ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló ní kí n bá òun béèrè, pé ṣé ìwọ̀nba ẹ̀dọ̀ inú irú lè gbé ẹ̀jẹ̀ sókè. Ó ní ẹ̀dọ̀ dára fún ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹni náà bá ń lo oògùn, tó sì ń jẹ àwọn nǹkan tó yẹ kó jẹ, ó ṣeé ṣe kó máà nílò rẹ̀ rárá. Ó ṣeé ṣe. Ó ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń mọ̀ ni kí ẹni náà fi ẹ̀dọ̀ sílẹ̀ fún bí oṣù mélòó kan, kí wọ́n tún yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Mo délé, mo gbìyànjú rẹ̀. Mo ṣe irú tí kò ní nǹkan kan nínú. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti eré dé, ó ní ẹsẹ̀ òun wúwo lónìí. Òjò ti rọ̀ lọ́jọ́ náà o, ilẹ̀ rọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹrẹ̀ lásán. Kí ni mo ṣe? Mo da ìlọ́po méjì ẹ̀dọ̀ sínú ọbẹ̀ alẹ́. Ìgbà tí mo dà á tán ni mo rí i pé mo ti ba ìdánwò tí mo ń ṣe jẹ́ lọ́wọ́ ara mi.

Ọ̀rọ̀ wá di kíákíá. Wọ́n ti mú Ìbùkún mọ́ àwọn tó máa lọ fi oṣù mẹ́ta múra sílẹ̀ ní kámpù kan ní Adó fún ìdíje ńlá. Mọ́ńdè ló ń lọ. Ẹran ni wọ́n fi ń se gbogbo ọbẹ̀ wọn níbẹ̀, ó ti gba àyè lọ́wọ́ kóòṣì rẹ̀ pé òun á máa dá se tòun. Kóòṣì fẹ́ràn rẹ̀, ó tiẹ̀ ní kó bá àwọn ọmọbìnrin tó kù sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ, torí àwọn náà ń dákú. Ó sì bá wọn sọ̀rọ̀. Mo wà níbẹ̀, mo gbé kúlà lọ fún un. Ó dìde dúró, ó ní òun ti dùbúlẹ̀ sórí koríko rí, pé ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti ọsàn ló gbé òun dìde, pé ẹran kankan kò sí lára òun. Ó nawọ́ sí mi. Ó ní ìyá òun nìyẹn, pé ẹni tí èèyàn bá lè jẹun lọ́wọ́ rẹ̀ kó dijú, òun ni ìyá. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo tẹrí ba bí ẹni tó ń wo bàtà.

Ó tún wá bẹ̀ mí pé kí n kọ́ òun ní irú gígún, kí òun lè máa ṣe é fúnra òun nígbà tí èyí tí òun bá gbé lọ bá tán. Ó ní gbogbo agbára òun, inú irú yẹn ló wà. Lọ́wọ́ tí mò ń kọ èyí, irú náà wà lórí atẹ níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń gbẹ lóòrùn, òun fúnra rẹ̀ ló sá a kó tó jáde lọ sáré. Ní Sátidé, òun ló máa gún un. Èmi á jókòó tì í, màá máa sọ ohun tó kàn fún un. Ata gbígbẹ. Ata ilẹ̀. Kí ni màá wá sọ tẹ̀ lé e?

Mo ti rò ó títí. Tí mo bá jẹ́ kó gún irú lásán kó gbé e lọ, irọ́ mi á parí síbẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa mọ̀ láé. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ẹ̀dọ̀ ló gbé e ró ńkọ́? Á wà ní Adó, ẹ̀jẹ̀ á máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, òun á sì máa tẹ̀ síwájú torí ó dá a lójú pé oúnjẹ yìí ti gbé òun ró rí, àwọn ọmọ tó bá sọ̀rọ̀ náà á máa tẹ̀ lé e. Èmi kò ní sí níbẹ̀ láti fa awọ ojú rẹ̀ wò. Tí mo bá dọ́gbọ́n da ẹ̀dọ̀ sí èyí tó máa gbé lọ, tó bá tán, èyí tó máa ṣe fúnra rẹ̀ kò ní ní in, ibi kan náà la ó tún padà sí, mo kàn sún un síwájú ni. Tí mo bá sọ fún un ńkọ́? Tí mo bá sọ fún un ní Sátidé, ọjọ́ kan péré ló máa kù kí Mọ́ńdè tó máa lọ dé. Tí a bá yọ ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ kúrò, kò sí ọwọ́ mìíràn tó ń jẹun láyé yìí ju tèmi lọ. Tí kò bá lè jẹun lọ́wọ́ mi mọ́, ọwọ́ ta ló fẹ́ jẹun? Mo ti rí i rí nígbà tó ń wo abọ́ láì jẹun, n kò fẹ́ rí i mọ́. Ó lè má lọ sí kámpù. Ó lè lọ kó máà padà sílé mi. Bẹ́ẹ̀ sì ni, tó bá mọ̀, ó lè sọ fún nọ́ọ̀sì, kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò léraléra ní kámpù, kí wọ́n mọ̀ bóyá ẹ̀wà àti ọsàn tó fún un. Ìyẹn ni òótọ́ tí mi ò lè sá fún. Ara rẹ̀ nílò kó mọ̀. Ọkàn rẹ̀ ńkọ́?

Ẹ̀yin kan á ní kí n sọ ọ́ tó bá ti ìdíje dé. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ara mi. Mo sọ ọ́ kó tó lọ sáré ní Ọ̀yẹ́, mo sọ ọ́ kí wọ́n tó mú un fún kámpù. Ìdíje kan máa ń wà níwájú nígbà gbogbo.

Ohun kan wá ń yọ mí lẹ́nu láti àná, òun ló jẹ́ kí n gbé fóònù tí mo fi ń kọ èyí. Inú mi kò yọ́ sí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi mọ́ látọjọ́ tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn lórí bẹ́ǹṣì. Mo ń kí i, mo ń kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n nínú mi, mo ti dá a lẹ́bi tipẹ́. Ìkà ni mo ń pè é. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yẹn, lọ́jọ́ tí ọmọ mi jẹ ohun tí kò mọ̀ nílé rẹ̀, tó sì béèrè, ó sọ fún un lójúkojú, lójú ẹsẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́. Èmi tí mo gbé ọwọ́ lé e lórí tí mo búra, mo ti bọ́ ọ ní ohun tí kò mọ̀ láti ọdún kan ó lé, mo ń gba àtẹ́wọ́. Ta ni ìkà nínú àwa méjèèjì?

Ẹ̀yin eléré tí ẹ kì í jẹ ẹran, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ̀ ń jẹ, ṣé ó tó yín lóòótọ́? Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tó ń ka èyí, ṣé ó léwu tí ẹ̀dọ̀ yẹn bá dá dúró lójijì? Ẹ̀yin ọmọ tí ìyá yín ti ṣe irú èyí sí rí, ṣé ẹ tún jẹun lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn náà? Èyí tí mo fẹ́ mọ̀ jù nìyẹn. Ẹ má fi òwe dá mi lóhùn, ẹ sọ ohun tí ẹ máa ṣe gan-an. Irú ti fẹ́ẹ̀ gbẹ. Ó ti yọ lórí òkè báyìí, mo ń wò ó bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́, á dé ibí, á fọwọ́, á sì béèrè ohun tí mo sè. Ẹ bá mi sọ ọ́... kí ni màá sọ fún un pé ó wà nínú rẹ̀?